Òkúta mọ́kànlélógún, igbá kan àti òwú: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí ìṣirò

Ìbéèrè tó wọlé sí abala yìí lóṣù yìí, ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: ìṣirò ò wu ọmọ. A mú márùn-ún. Èyí tó gba àlàyé, a fún un láyè. Èyí tí kò gbà á, a ò fà á gùn.

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Ògbómọ̀ṣọ́: *Ọmọ 38 ló wà níwájú mi. Bí ìṣirò bá ti kàn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Wọ́n lè kọ ìlọ́po lórin títí dé 12, ṣùgbọ́n bí mo bá já a ní àárín, wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sówó irinṣẹ́. Eré wo ni mo lè lò?*

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Òkúta wẹ́wẹ́ tó fún un. Ọmọ méjì-méjì ni yóò máa ta á, òkúta 21 láàárín wọn. Ọ̀nà 19 nìyẹn, gbogbo òkúta sì jẹ́ irinwó ó dín ẹyọ kan. Ẹ má ṣírò èyí fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí kíláàsì máa ṣà wá, kí wọ́n tó jáde lọ ṣà á. Ọmọ tó bá ní "ogún lọ́nà 19, kí n wá fi 19 lé e" ti ṣe ìṣirò tó dára ju ti ẹni tó to nọ́ńbà sójú ìwé lọ.

Ẹ má lo kóró kajú o, bó ti wù kó pọ̀ nílẹ̀ tó lágbègbè yín. Epo inú èèpo rẹ̀ máa ń bó awọ ara, ọmọdé ò sì ní ṣàì fi eyín dán an wò. Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò náà dára.

Òfin eré náà ò pọ̀: ẹni tó bá kàn lè mú òkúta 1, 2 tàbí 3. Ẹni tó bá mú èyí tó kẹ́yìn ló borí. Ibi tí eré yìí ti sábà ń bà jẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé 21 kalẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, àwọn ọmọ á kàn máa mú u bó ṣe wù wọ́n, orí ni wọ́n á sì gbà pé ó ń gbe ẹni tó borí. Òkúta 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi rí i pé bí òun bá mú ẹyọ kan, kó ku 4, ọ̀rọ̀ ti parí: ẹnì kejì ìbáà mú 1, 2 tàbí 3, ìyókù á bọ́ sọ́wọ́ òun. Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dé 6, 7, 8. Ní 8, ẹni tó kàn máa há, torí ohunkóhun tó bá mú, ẹnì kejì á sọ ọ́ di 4 mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ fa ìlà méjì sójú pátákó: ibi tí ẹni tó kàn ti ń borí, ibi tó ti ń há. Bí ìlà kejì bá ti ní 4, 8, 12, ọmọ á fúnra rẹ̀ fi 16 àti 20 sí i. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ lórin. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá gbé 21 kalẹ̀, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹyọ kan ni ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú.

Bí wọ́n bá ti gbọ́n sí i, ẹ yí òfin padà: kí ẹni tó kàn lè mú 1 dé 4. Ibi ìhá á di 5, 10, 15, 20. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Bí ẹ bá fi òkúta sílẹ̀ ní 21, "mú ẹyọ kan" àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́, nítorí pé ìlọ́po 4 ni 20, ìlọ́po 5 sì ni. Ẹ ò ní mọ ẹni tó lóye yàtọ̀ sí ẹni tó há a sórí. Ẹ lo 18. Nínú òfin àkọ́kọ́, 2 ni kéèyàn mú. Nínú èyí, 3 ni. Ọmọ kan á sì béèrè bóyá a lè sọ pé ẹni tó mú ìkẹyìn ló pàdánù. Ẹ gbà fún un. Bí wọ́n bá padà sí mímú 1 dé 3, ibi ìhá á di 1, 5, 9, 13, 17, 21, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó kọ́kọ́ mú nínú 21 ti wọ gàù.

Ohun kan tí a bẹ̀ yín sí: ẹ má sọ àṣírí rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kìíní. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Kó gbà á.

Ìyá ọlọ́jà, Akẹ́sán, Ọ̀yọ́: *Ọmọ mi ń ka nọ́ńbà lédè Gẹ̀ẹ́sì geere, ṣùgbọ́n bó bá dé ti Yorùbá, ó ní ó ń daamú òun. Ó ní kí ló dé tí 45 fi jẹ́ "márùn-ún dín láàádọ́ta". Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ.*

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ìbéèrè ọmọ yẹn dáa. Ẹ bu ẹ̀wà sílẹ̀, kí ẹ ní kó ka ogún sọ́nà mẹ́ta: 60, ìyẹn ọgọ́ta. Kó yọ mẹ́wàá kúrò nínú òkìtì kan. Ohun tó kù ni àádọ́ta, 50. Kó tún yọ márùn-ún nínú èyí tó kù nínú òkìtì yẹn. Márùn-ún dín láàádọ́ta ló wà nílẹ̀, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ dín in. Orúkọ nọ́ńbà náà ni ìṣirò rẹ̀: ogún mẹ́ta, dín mẹ́wàá, dín márùn-ún.

Òfin tó ṣe pàtàkì ni pé 1 dé 4 là ń fi lé, láti 5 ni a ti ń dín. Nítorí náà, 44 jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, ṣùgbọ́n 46 jẹ́ mẹ́rìn dín láàádọ́ta. Ibi tí ọmọ ti máa ń ṣìnà ni kó fẹ́ fi márùn-ún lé ogójì, torí Gẹ̀ẹ́sì tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó fi ẹ̀wà ṣe é lọ́nà méjèèjì, kó rí i pé iye kan náà ni. Bákan náà ni kó mọ̀ pé àwọn kan ò tẹ̀ lé òfin ogún: ọgbọ̀n (30), igba (200), irinwó (400) ní orúkọ tiwọn.

Ẹ wá wo èrè ibẹ̀. Ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án, igba. Ẹ tẹ́tí sí ìparí wọn: èjì wà nínú ogójì, ẹ̀ta nínú ọgọ́ta, ẹ̀fà nínú ọgọ́fà. Ọmọ tó bá lè kà wọ́n ti mọ ìlọ́po ogún, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un. Bí oníbàárà bá wá ra nǹkan 19 náírà mẹ́fà, kí ọmọ sọ pé ogún mẹ́fà jẹ́ ọgọ́fà, dín mẹ́fà, 114. Kò ní nílò pépà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 99 lọ́nà 7: ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún, kó tún yọ méje, 693. Ọgbọ́n dídín yìí, inú èdè tiwa ló wà tí ọmọ ń sá fún un.

Olùkọ́ JSS 2, Ọ̀yọ́: *Mo ní kí wọ́n fi òwú wọn àyíká ìdérí, kí wọ́n fi ìbú rẹ̀ pín in, kí wọ́n rí pai, tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 3.14. Ẹnì kan rí 3.26, ẹlòmíràn rí 3.67. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín. Kí ló fà á?*

Ìbú ni wọ́n ṣì. Àyíká kì í sábà ní ìṣòro tó bẹ́ẹ̀, àfi bí òwú bá ń fà. Ẹ má lo rọ́bà tàbí òwú wúùlù. Òwú ìránṣọ ni kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n ìbú gbọ́dọ̀ gba àárín gan-an kọjá. Bí rúlà bá yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n máa wọ̀n á kéré ju ìbú lọ. Kò lè tóbi jù ú láé. Ìdí nìyẹn tí èsì wọn fi ń ga. Ẹ wo ìdérí ìkòkò tó jẹ́ 28 cm, àyíká rẹ̀ 88 cm. Ẹni tó wọn ìbú ní 27 á rí 3.26. Agolo tòmátì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 7 cm, àyíká 22 cm, ẹni tó wọ̀n ọ́n ní 6 á rí 3.67. Àṣìṣe kan náà ni, sẹ̀ǹtímítà kan, ṣùgbọ́n ohun kékeré ló ń tú u síta. Torí náà, ẹ lo ohun ńlá. Fún ìbú, ẹ ti ìdérí náà mọ́ ògiri, kí ẹ gbé pátákó pẹlẹbẹ kan tì í lódìkejì kó dúró gbọọrọ bí ògiri, kí ẹ sì wọn àárín ògiri sí pátákó.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé rúlà jù sílẹ̀. Kí ọmọ wọn òwú yí ìdérí ká, kó gé e. Kó gé òwú mìíràn tó gùn tó ìbú. Kó wá fi kékeré wọn ńlá: ìgbà mẹ́ta ló máa wọ̀ ọ́, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Kó ká òwú ìbú sọ́nà méje, ẹyọ kan nínú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àṣẹ́kù yẹn mu régí. Ibẹ̀ ni 22/7 ti wá, ẹ sì sọ fún wọn pé fẹ́rẹ̀ẹ́ ni: 22/7 jẹ́ 3.1428, pai jẹ́ 3.1415, méjèèjì sì ti ya ara wọn ní nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn àmì.

Ẹ̀yin tẹ ẹ wà ní ìlú tí wọ́n ti ń fín igbá, ẹ lè tún lọ síwájú. Ọnà olójú mẹ́fà tó yí ara wọn ká lójú igbá, ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ lè fi okùn ṣe nínú àgbàlá. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀, ẹ so okùn 50 cm mọ́ ọn, kí ẹ fi fa ìlà róbótó sílẹ̀. Ẹ tú okùn náà. Láti ojú kan lórí ìlà, ẹ na okùn gbọọrọ dé ojú mìíràn lórí ìlà kan náà, ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ tún na án láti ibẹ̀. Ìgbà kẹfà á gbé yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọ tí tirẹ̀ ò bá pé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: ó ti ń tẹ okùn mọ́ ara ìlà tó yí, dípò kó na án gbọọrọ. Nǹkan bíi 14 cm ló máa kù fún un. Ẹ má ní kó pa á rẹ́! Okùn mẹ́fà gbọọrọ jẹ́ 300 cm, ìbú mẹ́ta gẹ́lẹ́. Ọ̀nà tó yí gùn ju ọ̀nà gbọọrọ lọ. Pai gbọ́dọ̀ ju 3 lọ nìyẹn, 14 cm tó ṣẹ́kù yẹn sì ni ẹ̀rí.

Bàbá kan, Ògbómọ̀ṣọ́: *Ṣé lóòótọ́ ni ayò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, àbí àwáwí àwọn tó fẹ́ràn eré ni?*

Bí wọ́n bá kàn ń ta á, díẹ̀ ni. Ó ń kọ́ni bí wọ́n bá ń sọ ibi tí ọmọ ayò ìkẹyìn máa bọ́ sí kí wọ́n tó kó o. Ilé 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ẹni tó bá ti ní 25 ti borí. Ẹ bi í pé: bí ilé rẹ kẹta bá ní 6, ibo ni ìkẹyìn máa bọ́ sí? Ilé kẹta alátakò ni, bí ẹ bá kà á láti ọwọ́ alátakò. Bó bá jẹ́ 8, ilé karùn-ún rẹ̀ ni. Bó bá wá jẹ́ 12, tí òfin yín sì ní kí wọ́n fo ilé tí wọ́n ti kó o, ìkẹyìn á kọjá ilé yẹn bọ́ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan ò tíì dé ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ JSS 1, Ògbómọ̀ṣọ́: *Wọ́n ní kí n to 1 dé 9 sínú ojú mẹ́sàn-án, mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó, kí gbogbo ìlà, títí kan ti igun sí igun, jẹ́ iye kan náà. Mo ti gbìyànjú títí, kò bọ́ sí i.*

Gé pépà mẹ́sàn-án, kọ 1 dé 9 sí i, kó o lè máa gbé wọn kiri. Ẹni tó ń fi bírò kọ ọ́ tó ń pa á rẹ́ kì í pẹ́ sú. Kọ́kọ́ ro gbogbo wọn pọ̀: 45. Ìlà mẹ́ta ló pín in dọ́gba, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15.

Àárín ńkọ́? Ìlà mẹ́rin ló gba àárín kọjá: ọ̀kan níbùú, ọ̀kan lóròó, méjì láti igun sí igun. Mẹ́rin lọ́nà 15 jẹ́ 60. Nínú 60 yẹn, o ti ka gbogbo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àfi ti àárín tó o kà lẹ́ẹ̀mẹrin. 60 yọ 45 jẹ́ 15, ìyẹn àárín lẹ́ẹ̀mẹta tó lé. Àárín jẹ́ 5, kò lè jẹ́ òmíràn.

Báyìí, má fi 1 sí igun. Igun wà nínú ìlà mẹ́ta, tí 1 bá sì wà níbẹ̀, o nílò ọ̀nà mẹ́ta tí nọ́ńbà méjì fi lè jẹ́ 14. Wá wọn: 9 àti 5, 8 àti 6. Ó tán. Àárín ẹ̀gbẹ́ ni kó o fi 1 sí, kí 9 kọjú sí i, kí 8 àti 6 sì wà lápá méjèèjì 1. Ìyókù á fúnra wọn wọlé.

Bó o bá ti rí i, yí i po, kó o sì tún wò ó bí ẹni ń wo dígí, kó o kọ gbogbo oríṣi tó yàtọ̀ sílẹ̀. Mẹ́jọ lo máa rí. Bó o bá rí ìkẹsàn-án, tún ìṣirò rẹ rò.