Ìbéèrè Yín: Òjé Mi Wúwo, Síbẹ̀ Kò Lọ Jìnnà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Kábbà ni mí, àmọ́ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, etíkun ò sì jìnnà sílé tí mo gbà. Mo ra ọ̀pá ìwọ̀ gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń sọ ìwọ̀ láti orí iyanrìn. Ìjẹ ẹ̀tàn onírin tí wọ́n ń tà wọ́n jù fún mi. Nígbà tí mo wálé, mo yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò àtijọ́ lẹ́yìn ilé wa, mo dà á bí ẹja. Ó wúwo dáadáa, àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, ńṣe ló ń yí gbirigbiri lófuurufú, kì í lọ jìnnà. Okùn a sì tún máa já mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Ọ̀wẹ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, bátìrì yẹn ni n ó kọ́kọ́ bá ẹ sọ. Pa á tì. Ásíìdì ti wọ inú òjé rẹ̀, wọ́n sì máa ń po mẹ́táàlì míì mọ́ ọn tí èéfín rẹ̀ burú ju ti òjé lásán lọ. Òjé lásán gan-an, májèlé ni. Ní 2010, ní Zamfara, inú ọgbà ilé ni àwọn tó ń wa góòlù ti ń lọ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé ló ti ibẹ̀ kú. Mo mọ bí ẹ̀yìn ilé lọ́dọ̀ wa ṣe máa ń rí: ibẹ̀ lọmọdé ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré, ibẹ̀ náà la ti ń sá ẹ̀lùbọ́. Bu iyẹ̀pẹ̀ òkè ibi tí o ti yọ́ ọ, dì í sínú ike onídèrí, má dà á sódò. Tí ọmọ kékeré bá ti ṣeré níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà ni kí o ti wá òjé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe báláǹsì táyà. Síńkì wà láàárín wọn báyìí, nítorí náà fi ọ̀bẹ họ ọ́ wò. Èyí tí ọ̀bẹ bá wọ̀ lára wẹ́rẹ́, òjé ni; síńkì le. Ìgbóná 327 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ni òjé ń yọ́, síńkì di bíi 420. Ìta gbangba ni kí o ti yọ́ ọ, kí afẹ́fẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ wá, kí o wọ ìbọ̀wọ́, bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti awò ojú. Kí ohun tí o ń dà á sí gbẹ táútáú, torí ẹ̀kán omi kan péré nínú òjé gbígbóná á tú u ká sójú rẹ.

Ó wá ku yíyí tó ń yí. Orí ìjẹ lo so okùn mọ́, nítorí náà ìrù ló yẹ kó máa ṣáájú lófuurufú. Tí ìwúwo bá wà láàárín tàbí lórí, kò ní mọ èwo ni kó ṣáájú, afẹ́fẹ́ á sì gbá a mú. Jẹ́ kí ìrù sanra, kí orí tín-ín-rín. Gbé e lé ẹ̀yìn ọ̀bẹ: ibi tó bá ti dúró láìṣubú gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìrù ju orí lọ. Má sì ṣe é láṣejù, torí òjé tó wà nírù pátápátá á rì ṣóńṣó, kò ní jó nínú omi bí ẹja tó ń kú lọ, jíjó yẹn ló sì ń fa kútà wá. Kí o tó da òjé, tẹ́ wáyà tí kì í dípẹtà la àárín gbùngbùn ohun tí o ń dà á sí já, ká a róbótó lórí àti nírù, kó lè jẹ́ pé wáyà ni ẹja ń fà. Kun ún dáadáa kí ọwọ́ má bàa kan òjé, ẹ̀yìn búlúù, ikùn funfun, bíi ṣáwá.

Okùn tó ń já, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjé tó fò kúrò nídìí okùn lè pa èèyàn. So okùn tó nípọn síwájú èyí tó wà lára ẹ̀rọ tó ń ká okùn: fún gíráàmù 28 kọ̀ọ̀kan, kó lè gbé kílò mẹ́rin ààbọ̀. Ìjẹ gíráàmù 85 ń fẹ́ okùn bíi kílò 14, kó gùn tó ìlọ́po méjì ọ̀pá ìwọ̀ rẹ, kó sì tún yí ẹ̀rọ ká dáadáa. Wo ara ọ̀pá lókè ìdìmú, wọ́n kọ ìwọ̀n tó lè sọ síbẹ̀; má kọjá rẹ̀. Wẹ̀yìn kí o tó sọ. Kútà ní eyín bí ayùn, fi wáyà kúkúrú sáàárín okùn àti ìjẹ.

Létí odò Kámpé tí èmi dàgbà sí, ìwọ̀ kékeré àti ekòló ti tó. Odò ń gbé ìwọ̀ lọ ni, àmọ́ òkun ń tì í padà sẹ́sẹ̀ rẹ, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Wá ibi tí omi ti dúdú díẹ̀ láàárín òkìtì iyanrìn inú omi àti etíkun; ipadò ibẹ̀ jìn, ibẹ̀ lẹja ń gbà kọjá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Jẹ́ kí ìjẹ rì títí okùn á fi dẹ̀, kó o wá máa ká a, kí o dúró díẹ̀, kí o tún ká a. Orí iyanrìn ni kí o dúró sí, má wọ omi dé ìbàdí, ìṣàn abẹ́ rẹ̀ ń fa èèyàn lọ. Tí o bá délé, fi omi aláìníyọ̀ ṣan ìwọ̀ àti ẹ̀rọ, kí o sì pààrọ̀ ìwọ̀ tó bá ti dípẹtà.