Wáyà bàbà ni kí ẹ fi so ó, kì í ṣe òwú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní nymph oníìrù pheasant tí ẹ ń so, ìyẹn ìjẹ àtọwọ́dá tí a fi ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant ṣe bí ọmọ kòkòrò inú omi, kì í kọjá ẹja trout kan, pé ìyẹ́ rẹ̀ á já, òwú á sì tú. Ọdún méjì gbáko ni irú ẹ̀ fi fìyà jẹ mí lódò Wharfe, ní Yorkshire níbí. Mo máa ń so méjìlá lálẹ́ Fúráìdè; tó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé, mẹ́rin ló máa ń ṣẹ́kù tó ṣeé jù sómi.

Eyín ẹja ló ń já a. Irun ìyẹ́ pheasant ò lágbára rárá. Tí ẹ bá wé òun nìkan mọ́ ìwọ̀, eyín kan ti tó o. Frank Sawyer tó dá nymph yìí sílẹ̀, olùtọ́jú odò Avon ní Wiltshire, kò fi òwú kankan so tiẹ̀. Wáyà bàbà tín-ín-rín ló lò. Wáyà yẹn ló ń di ìyẹ́ mú, òun ló ń jẹ́ kó rì, òun náà ló ń pọ́n yòò lábẹ́ ìyẹ́ tí omi bá ti rin ín.

Ìwọ̀ nọ́ńbà 14 tàbí 16 ni kí ẹ fi sí fáìsì, ìyẹn irin tó ń di ìwọ̀ mú. Ẹ fi wáyà wé e láti iwájú dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kí ẹ wá wé e léraléra níwájú kó yọ gọngọ bí èjìká, kí ẹ sì dá wáyà padà sídìí. Irun mẹ́rin péré ni kí ẹ já lára ìrù akọ pheasant. Èmi máa ń lo mẹ́jọ tẹ́lẹ̀, ó kàn ń sanra ni. Ẹ fi wáyà dè wọ́n sídìí, kí ṣóńṣó wọn yọ sẹ́yìn díẹ̀, ìrù rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo ti jìyà jù rèé. Ẹ má wé irun lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀. Ẹ fi itọ́ ra irun náà kó fara mọ́ra, kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ wáyà, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ lọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń lọ́ okùn. Ẹ rọra o. Ẹ ó rí i tí pupa bàbà á máa yọjú láàárín irun. Ẹ dúró níbẹ̀, torí tí ẹ bá tún lọ́ ọ sí i, á já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wá wé e lọ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya wáyà sọ́tọ̀, ẹ ṣẹ́ irun náà sẹ́yìn lórí èjìká, ẹ dè é, ẹ tún ṣẹ́ ẹ síwájú, ẹ dè é. Ẹ má fi ẹsẹ̀ sí i: kòkòrò tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra ni, ohun tí Sawyer rí nìyẹn tí kò fi fi sí tiẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ìwọ̀. Mo ti dúró nínú omi tútù rí, tí ẹja ń jẹun níwájú mi, tí okùn ò ráyè wọlé torí mo ti fi wáyà dí ojú ìwọ̀ pa. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ so mẹ́ta péré lálẹ́ òní. Ẹ fi èékánná ha ara ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Èyí tí irun rẹ̀ bá yẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un so.