Kí ló dé tí àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, tó wúwo jù fi máa ń wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun onígbòkun ayé àtijọ́?

Kí ọkọ̀ má baà dojú dé ni o. Ẹ wo HMS Victory tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Slade ló ya àwòrán ẹ̀, ó bọ́ sómi ní 1765, dẹ́kì mẹ́ta ni wọ́n to àgbá sí, nígbà tó sì lọ jà ní Trafalgar ní 1805, àwọn àgbá tó ń yin ọta tó wúwo tó 32 pọ́n-ùn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìkọ̀ọ̀kan wọn lé ní tọ́ọ̀nù méjì, tẹ́ ẹ bá lọ gbé irú ẹrù yẹn sókè, tí atẹ́gùn bá ti lu ìgbòkun báyìí, ọkọ̀ ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nìyẹn. Ìdí kan náà ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fi máa ń tẹ̀ sínú bó ṣe ń lọ sókè, kí àgbá òkè lè sún mọ́ àárín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò àgbá ìsàlẹ̀ ò jìnnà sómi rárá. Tí òkun bá ń ru, dandan ni kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀, àgbá tó lágbára jù ò wá ní lè yìn mọ́. Royal George, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ò tiẹ̀ sí lójú ogun o, ó dúró sí Spithead létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1782, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un fẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè tún un ṣe, omi bá gba ihò àgbá wọlé, ó sì rì, tobìnrin tọmọdé ló bá a lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rántí ẹ̀.