Ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀ yẹn o, Àǹtí ẹlẹ́ja

Àǹtí ẹlẹ́ja tó béèrè láti Tàkìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ọjà o. Alẹ́ àná ni mo rí ìbéèrè yín, oorun ò kùn mí mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ní fírísà méjì lẹ ní, owó pẹtiróòlù ti fẹ́ jẹ èrè ẹja tán, ẹ fẹ́ bọ́ sí sólà. Àbúrò yín ọkùnrin wá ní kẹ́ ẹ ta jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ fi kún owó bátìrì, torí ó kà á pé iléeṣẹ́ iná ńlá kan ní Denmark pa èédú tì, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iná báyìí. Ẹ wá ní ṣé kẹ́ ẹ tà á, pánẹ́ẹ̀lì mélòó, bátìrì mélòó. Màá sọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí: ẹ má tà á. Èmi tà á.

Ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni mo wà nígbà yẹn, téèyàn bá ń jáde ní Ọ̀yọ́. Hátíṣárì ni mò ń ṣe, mo ní ínkúbétọ̀ tó ń gba ẹyin 3,000, àwọn ọlọ́sìn á kó ẹyin wá, màá bá wọn fi pa ọmọ. Ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ náà, ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò nínú ẹ̀rọ, ooru ibẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò ní nǹkan bíi 37.5, fáànù ò sì gbọdọ̀ dúró, tọ̀sán tòru. Dísẹ̀lì ni mo fi ń gbé e. Látìgbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ni dísẹ̀lì ti ń fò sókè, ó dé ibì kan tí gbogbo ohun tí mò ń pa, inú táǹkì ló ń lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹnjiníà tí wọ́n júwe fún mi, láti Ìbàdàn ló ti wá, ó mú kọ̀ǹpútà alágbèéká dání, ó ń tẹ̀ ẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan 350 wáàtì, ìyẹn 2,800. Ó ní oòrùn gidi wákàtí 6 lójúmọ́, ìyẹn á fún mi ní yúníìtì 16 ó lé, ẹ̀rọ mi ò sì jẹ tó 10 lójúmọ́. Bátìrì olómi mẹ́rin, ńlá ńlá, ámpíà-wákàtí (Ah) 220 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣé kí n fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, ó ní "Bàbá, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe, ayé ti kúrò níbẹ̀." Òun náà ló júwe ẹni tó rà á. Mo gba owó, mo fi san gbèsè bátìrì. Títí dòní mi ò tíì dárí jì í, torí nígbà tí mo pè é lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀, ó ní òjò ni, pé ti Ọlọ́run ni.

Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ìdùnnú ni. Oòrùn ń ràn, ẹyin ń pa, mi ò gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́. Ó wá di oṣù keje. Ẹ̀yin náà mọ oṣù keje níhìn-ín, òjò á máa rọ̀ wínníwínní láti àárọ̀, ojú ọ̀run á ṣú bí ìkòkò, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lè kọjá téèyàn ò ní rí oòrùn gidi. Wákàtí 6 tí ẹnjiníà kọ sínú ìwé yẹn di wákàtí 3 ó lé díẹ̀. Wáyà ń jẹ níbẹ̀, ínfátà ń jẹ níbẹ̀, ìdọ̀tí ń jẹ níbẹ̀, ohun tó ń wọlé ò ju yúníìtì 6 lọ, ẹ̀rọ sì ń jẹ tó 9. Bátìrì olómi ọ̀hún, lórí ìwé ó lé ní 10 yúníìtì, ṣùgbọ́n téèyàn bá ń fà á kọjá ìdajì kíákíá ló máa kú, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi àfi lẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn oníná. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú alẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ni tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, ẹnìkan ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà, ẹlòmíì ní ó gbọ́dọ̀ ní sítáńpù ẹgbẹ́ onílé. Mo gba sítáńpù, wọ́n ní ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní kí àdúgbò dáwó. Ẹ sọ fún mi, ẹni tó ń san owó iná lóṣooṣù ló tún máa ra tiransifọ́mà fún wọn? Inú mi ṣì ń gbóná bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún ẹyin ló ṣẹlẹ̀. Ẹyin 2,700 ló wà níbẹ̀, ti oníbàárà mẹ́ta. Nǹkan bí aago méjìlá kù díẹ̀, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ké ké, ó kú. Fáànù dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ooru, pé òtútù á pa wọ́n. Mo kó bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ, mo dí gbogbo ihò ara ẹ̀, mo ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi da èédú sínú ìkòkò méjì, a gbé e wọnú yàrá, a tilẹ̀kùn. Mo sáré lọ yá jẹnẹrétọ̀ kékeré, ai-pás-mai-nébọ̀, lọ́dọ̀ aládùúgbò nínú òjò, mo dé mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, hítà àti fáànù papọ̀, ó kígbe, ó kú. Mo tún tan án, ó tún kú. Ìgbà tí mo padà wọ yàrá, ọmọ yẹn ti wà nílẹ̀, ó ń bì, orí ń fọ́ ọ, kò lè dìde. Èéfín èédú, kódà èyí tí kò ṣeé fojú rí, apànìyàn ni nínú yàrá títì. Mo wọ́ ọ síta sínú òjò. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, èédú ò gbọdọ̀ wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ bá pa dé, ì báà jẹ́ fún adìyẹ, ì báà jẹ́ fún òtútù ọyẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo ṣí ẹ̀rọ. Àwọn kan ti fẹnu lu èèpo ẹyin, ẹnu wọn wà lójú ihò yẹn, wọ́n ti kú. Ọmọ 212 ló jáde nínú 2,700. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ hátíṣárì ló là mí lójú lọ́sẹ̀ kejì: ó ní ẹyin ọjọ́ kọkàndínlógún, ọmọ inú ẹ̀ ti ń mí, òun fúnra ẹ̀ ti ń mú ooru jáde, kì í ṣe òtútù ló pa wọ́n, èmi ni mo dí imú wọn. Ó ní ká ní mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ díẹ̀, kí n so fáànù nìkan mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ì bá yè. Fáànù nìkan. Mo san owó àwọn oníbàárà fún oṣù méje, mo ta ọ̀kadà mi.

Iléeṣẹ́ Denmark tí àbúrò yín kà yẹn wá ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni mo jókòó ka ìtàn wọn dáadáa. Ørsted lorúkọ wọn báyìí, DONG Energy ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ mẹ́fà ló para pọ̀ dà á ní 2006, ìjọba Denmark ló ní èyí tó lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀. Èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sun, irú ti Enugu tí wọ́n rí ní 1909, kì í ṣe èédú igi tí a fi ń yan àgbàdo. Ní 2009 wọ́n ní 85 nínú 100 iná àti ooru táwọn ń ṣe, láti ara èédú àti epo ló ti ń wá, pé àwọn máa yí i padà kí 85 yẹn di ti afẹ́fẹ́ àti irú ẹ̀. Títí di 2040 ni wọ́n fún ara wọn, wọ́n sì débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ibi tí àwọn ẹnjiníà máa ń bá ìtàn yẹn dé nìyẹn, wọ́n á wá ní kéèyàn lọ ta jẹnẹrétọ̀ ẹ̀.

Wọn ò sọ pé láti 1991 ni àwọn iléeṣẹ́ tó padà di ara wọn ti ri òpó afẹ́fẹ́ 11, èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí kó fi ṣe iná, sínú òkun ní Vindeby ní Denmark, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ju mẹ́gáwáàtì 5 lọ, kékeré ni wọ́n fi kọ́ ọ kó tó di pé wọ́n ri 174 sínú òkun England ní Hornsea 1, 1,200 mẹ́gáwáàtì, ó ju Kainji wa tó jẹ́ 760 lọ. Wọn ò sọ pé iléeṣẹ́ èédú bí Avedøre àti Studstrup, wọn ò wó wọn, ṣe ni wọ́n tún wọn ṣe kí wọ́n lè máa sun igi. Ní 2017 wọ́n ta kànga epo àti gáàsì wọn, wọ́n pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n ní tó bá di 2023 àwọn ò ní sun èédú mọ́. Àfi bí Rọ́ṣíà ṣe wọ Ukraine, tí gáàsì ò dé Yúróòpù dáadáa mọ́, ní oṣù kẹwàá 2022 ìjọba Denmark pàṣẹ fún wọn pé kí ẹ̀rọ mẹ́ta wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má pa èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n dá èyí tó ti dúró padà, ti èédú wà nínú ẹ̀, títí di ìparí oṣù kẹfà 2024. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n tó pa èyí tó kẹ́yìn, ní Esbjerg.

Àǹtí, ẹ bá mi wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Oṣù keje 2024 tí ẹyin mi kú, Denmark tó lówó, tó ní òpó afẹ́fẹ́ kún inú òkun, ṣì ní iléeṣẹ́ èédú tí wọn ò tíì pa. Ká ní wọ́n ti tà á fún àwọn oníra-irin ní 2019, kí ni ìjọba ì bá ní kí wọ́n tàn? Èmi tí mo ní pánẹ́ẹ̀lì 8, wọ́n ní kí n ta tèmi lóṣù kìíní.

Ó yá, fírísà yín, mo ti fẹ́ gbàgbé. Tiyín sàn ju tèmi lọ torí ẹja tó bá dì gbagidi, òun fúnra ẹ̀ ni bátìrì. Fírísà tó kún, tí wọn ò ṣí, á gbé òtútù ẹ̀ mọ́jú láìsí iná. Tí ẹja ò bá kún un, ẹ rọmi sínú ike, ẹ kó o síbi tó ṣófo lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń ràn, kó dì. Kò náni ní nǹkan kan, kò sì sí ẹnjiníà tó máa sọ ọ́ fún yín torí kò lérè fún wọn.

Ìṣirò ẹ̀: ká ní 150 wáàtì ló wà lẹ́yìn fírísà kọ̀ọ̀kan, kò ní ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọjọ́, ká pè é ní wákàtí 12, yúníìtì 1.8 nìyẹn, méjèèjì 3.6, oníbàárà ń ṣí i ń tì í, ẹ pè é ní 4. Oòrùn oṣù keje ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, wákàtí 3 ààbọ̀, ẹ má fi ti oṣù kejì ṣe é. Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì mẹ́rin, á mú nǹkan bí 5.6 wá, ẹ yọ ìdámẹ́rin tó ń ṣòfò, ó ku 4.2. Díẹ̀ ló fi ju 4 yẹn lọ, tí owó bá wà ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì karùn-ún kún un. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ fóòltì 48, ámpíà-wákàtí (Ah) 100, ó tó. Ó wọ́n ju olómi lọ lójú, àmọ́ ẹ lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, olómi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ínfátà ò gbọdọ̀ kéré sí 3 KVA torí kọ̀ǹpírésọ̀ tó bá fẹ́ dìde máa ń fa iná ju bó ṣe ń fà á tó bá ti ń lọ, ẹ má sì jẹ́ kí méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀. Ọyẹ́ bá dé, ẹ máa fi omi àti aṣọ nù ún láàárọ̀, kí oòrùn tó gbóná. Kí wọ́n ri wáyà ààbò mànàmáná mọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ò kí ń ṣeré nínú ààrá, ìyẹn sì ni àwọn ẹnjiníà máa ń fò kọjá.

Owó yíyá ńkọ́. Èlé tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù yẹn, ẹ má gbà á. Ørsted fúnra ẹ̀ fagi lé iṣẹ́ òpó afẹ́fẹ́ méjì létí òkun New Jersey ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2023, ọ̀wọ́n irinṣẹ́ àti èlé wà lára ohun tó fà á, àwọn nìyẹn o, tí ìjọba wà lẹ́yìn wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fírísà kan. Pánẹ́ẹ̀lì méjì, bátìrì, ínfátà tó ṣeé fi kún. Èkejì á wà lórí jẹnẹrétọ̀ títí òjò ọdún kan fi máa kọjá lórí sólà yẹn. Tó bá yege nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ẹ gbé èkejì bọ́ síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á sì wà lẹ́yìn ilé, ẹ máa tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, níta o, kí kábúrétọ̀ má dì.

Bátìrì, ẹ má gbé e sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.

Ẹ lọ wẹ̀yìn àwọn fírísà yẹn lọ́la, pélébé irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ wáàtì àti ámpíà sí, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ sì kọ iye wákàtí tí iná máa ń wà ní Tàkìé lójúmọ́ kún un. Màá bá yín ṣe ìṣirò ẹ̀ gan-an lálẹ́. Tí ẹnjiníà kan bá ti fún yín ní bébà, ẹ kọ wákàtí oòrùn tó lò síbí pẹ̀lú.