Ìtọ́jú Egungun Àgbọ̀nrín fún Iṣẹ́ Ọnà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Egungun àgbọ̀nrín tí mo fẹ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ń pọ́n, ó sì ń rùn. Ṣé kí n sè é ni?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe sè é, nítorí omi híhó a máa ti ọ̀rá wọnú egungun, ọ̀rá yìí gan-an ló sì ń fa àwọ̀ àti òórùn tí ẹ rí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ po ọṣẹ ìfọwo mọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà títí ọ̀rá kò fi ní léfòó mọ́, bó tilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, háídírójìn pẹ́rọ́sáìdì (oògùn olómi tí ń pa kòkòrò àrùn) ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún yóò sọ ọ́ di funfun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bílíìsì ìfọṣọ kàn án rárá. Ńṣe ni yóò jẹ egungun náà títí yóò fi máa rún bí ẹfun. Bí ẹ bá ń ha á, ẹ bo imú yín.