Kí ni dírọ́ọ̀pù kejì yẹn fẹ́ ṣe lójú bàbá mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ kátárákì fún bàbá mi n'Íbàdàn. Dírọ́ọ̀pù méjì ni wọ́n ní ká rà, ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣí ojú, ìkejì ń jẹ́ flurbiprofen, àmọ́ ẹni tó tà á fún wa ní ẹbí oògùn ara ríro ni, bẹ́ẹ̀ ojú ò kúkú dun bàbá. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa? – Ọmọ Bàbá

ÌDÁHÙN: Ọmọ Bàbá, ẹni tó tà á ò parọ́, ẹbí kan náà lòun àti ibuprofen, àmọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbí yàtọ̀. Ọmọlójú, ihò dúdú àárín ojú yẹn, ibẹ̀ ni dókítà máa gbà dé ìdí kátárákì, ìyẹn lẹ́ńsì (ohun tó dà bíi dígí nínú ojú) tó ti di bàìbàì. Tropicamide tàbí phenylephrine ló ń ṣí i, ó lè fẹ̀ tó mìlímítà 7 sí 8. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí irin bá ti ń kan inú ojú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan kan tó ń jẹ́ prostaglandin jáde, ìyẹn á sì máa sún ọmọlójú kì, àfi bí ẹni ń bu ẹran nínú ìkòkò tí ẹnu ẹ̀ ń kéré sí i, ibẹ̀ ni àpò tín-ín-rín tó gbé lẹ́ńsì dúró ti lè ya. Flurbiprofen ò ṣí ojú o, ńṣe ló ń dí prostaglandin yẹn lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń tètè kán an nìyẹn: wákàtí 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ̀kán 1 ní ìṣẹ́jú 30-30 títí á fi pé 4. Tí ọmọlójú bá ti sún kì tán kẹ́ ẹ tó rántí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ má kán méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan o, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tẹ́ ẹ kán kẹ́yìn á fọ tàkọ́kọ́ dànù. Tí aspirin bá máa ń dá ásímà sílẹ̀ fún bàbá, ẹ tètè sọ.

Ohun tẹ́ ò bi mí ló wá jẹ mí lógún jù: ṣé bàbá ń lo tamsulosin fún pròstéètì, àbí wọ́n ti lò ó rí? Láti 2005 làwọn dókítà ojú ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó máa ń sọ awọ tó yí ọmọlójú ká di jọ̀bọ̀tọ̀, flurbiprofen nìkan ò sì lè ká ìyẹn, dókítà á ní láti wá ìkọ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń fa ọmọlójú ṣí dání. Kódà kí bàbá ti fi í sílẹ̀ lọ́dún mélòó kan, ẹ sọ. Tí wọ́n bá ṣì ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ sáà mú páálí ẹ̀ dání lọ bá dókítà.