Èsì: Wọ́n ní mo ti yàtọ̀, ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Àbúrò mi, o ní láti ìgbà tó o ti pa aṣọ ẹbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ pé o ti ń gbéra ga, ìwọ náà wá ń bẹ̀rù pé o ti sọ ara rẹ nù. Rárá o. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, ìwà rẹ̀ náà á máa dàgbà. Ṣebí Fẹlá náà, fàájì ló pọ̀ jù nínú orin rẹ̀ nígbà tó ń kọrin pẹ̀lú Koola Lobitos, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1969 ló lọ sí Amẹ́ríkà, ó pàdé Sandra Izsadore, obìnrin kan tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Los Angeles, èrò rẹ̀ yí padà, orin rẹ̀ sì bá a yí. Kò tìtorí ìyẹn fi orin sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi: ṣé ọkàn rẹ balẹ̀ ni, àbí ńṣe lo kàn ń sá fún èèyàn? Tó bá jẹ́ pé ò ń sá ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àmọ́ o ní o ti ń sùn dáadáa, gbèsè aláṣọ sì ti kúrò lọ́rùn rẹ. (Gbèsè léèsì nìkan tó èèyàn í pa!) Pe èyí tó sún mọ́ ọ jù nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp o, sọ fún un pé aṣọ lo ò rà, kì í ṣe òun lo kọ̀. Ìgbéyàwó tó ń bọ̀ yẹn, wọ èyí tó o ní lọ, kó o sì tètè dé.